Fíìmù Tí Bàbá Oyèníran Sùn Sí

Irínwó náírà ni mo san fún àwa méjèèjì
nílé ìwòran Mùdàṣírù, lẹ́yìn Tákié.
Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká lọ.
Mo ní, "Bàbá, ẹni tó tú àṣírí ìjọba ni fíìmù yìí dá lé lórí,
ìjọba tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú."
Ó wọ bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì,
ó mú tọ́ọ̀ṣì dání,
ó ní ká yára, òun fẹ́ bá ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn, n ò ní purọ́.
Yàrá ṣókùnkùn, ọmọkùnrin kan fi nǹkan bo etí,
òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀.
Bàbá tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì.
Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá
tí ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fo òrùlé,
òrùlé dé òrùlé, bí ológbò tó jí ẹja.
Ó fi ìbọn dá ìbọn lóhùn.
Ó rí obìnrin kan tí kì í làágùn,
wọ́n ń fẹnu konu níbi tí ilé ti ń jó,
orin sì ń pariwo lé wọn lórí
ká lè mọ̀ pé ẹkún ló kàn.
Ohùn ta ni wọ́n gbọ́? Kí lẹni náà ń sọ?
Fíìmù ò bìkítà.
Àṣírí di àpótí kékeré kan
tí wọ́n ń já gbà bí ọmọdé ṣe ń já káṣú gbà.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Bàbá ti sùn.

Láyé àwọn ṣọ́jà, iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń ṣe
ní ọ́fíìsì kan lọ́nà Arówómọlẹ̀.
Òun ló ń fi okùn kan okùn
kí ìyá tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì.
Ọkùnrin kan tó wọ jígí dúdú mú ìwé wá,
orúkọ mẹ́sàn-án: tísà, nọ́ọ̀sì, ìyá aláṣọ òfì…
"Ohun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀."
Ó kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta.
Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, wọ́n tilẹ̀ yìn ín.
Ó kọ iye iṣu tí nọ́ọ̀sì rà.
Ó kọ bí tísà ṣe ń bẹ ìyàwó rẹ̀ kó padà wálé,
lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pẹ́ńsùlù wúwo bí ọmọ odó.
Ilẹ̀ mọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Ìjẹ̀rù, ó kanlẹ̀kùn:
"Ẹ má sọ̀rọ̀ ilé yín sórí wáyà mọ́.
Èmi ni mò ń gbọ́."
Ilé mẹ́sàn-án. Kò fo òrùlé kankan.
Ṣéènì kẹ̀kẹ́ já lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹnì kan dúpẹ́. Tísà gbá a létí.
Ìyá aláṣọ òfì ò kí i mọ́ títí tó fi kú.
Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ti bọ́;
oṣù méje ló fi sùn sórí sìmẹ́ńtì n'Íbàdàn.

Òfófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ.
Ẹni tó wá ṣòfófó ọba fún ìlú ńkọ́,
lẹ́yìn tó ti ṣe tìlú fún ọba?
Mo ti wá orúkọ rẹ̀ títí.
Èdè wa tó sọ oríṣiríṣi iṣu lórúkọ
kò tíì bá mi rí i.

Iná tàn. Bàbá jí.
"Ṣé ó lọ sọ fún wọn?"
"Fún àwọn wo?"
"Àwọn tó gbọ́ ohùn wọn. Ṣé ó délé wọn?"
Mo ní rárá, ọkọ̀ òfurufú ló wọ̀ lọ.
"Ó dáa tí mo sùn."

A ò tíì kọjá ọgbà káṣú tí fóònù mi fi dún.
Bàbá paná tọ́ọ̀ṣì,
ó rìn lọ sí òdìkejì ọ̀nà,
ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi,
títí mo fi sọ̀rọ̀ mi tán.